Alẹ́ Kan Ṣoṣo

Òjò Bogor kì í bẹ̀rẹ̀, ṣe ló ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.
Aago mẹ́ta ọ̀sán, ó tún dé,
ó na àwọn igi kánárì tó tò sójú ọ̀nà ọgbà,
ó fọ ẹrẹ̀ kúrò lára pátákó orúkọ wọn,
ó sì ta ẹrẹ̀ mìíràn sí i.

Ọdún mẹ́sàn-án ni iṣu yìí fi gbé lọ́dọ̀ wa,
iṣu tí ẹnikẹ́ni kò ní gún láéláé.
Á yọ ewé kan, ewé kan péré, tó ga ju òrùlé lọ,
ewé á rọ, iṣu á padà sùn.
Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sórí òṣùwọ̀n.
Pak Warsita kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀,
ó ní kí wọ́n tún un gbé.

Lónìí ó yọ òdòdó.
Ó ga ju Mak Onah lọ, tòun ti àpótí tó dúró lé.
Aṣọ tó fẹ̀ yí ara rẹ̀ ká pọ́n bí ẹ̀dọ̀ màlúù,
mo fọwọ́ kan àárín rẹ̀:
ó gbóná bí iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Òórùn rẹ̀ ti pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà,
ẹja tí wọ́n gbàgbé sísàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi.
Eṣinṣin gbọ́, wọ́n ya wá síbi òkú tí kò kú.
Àwọn àlejò di imú, wọ́n ń ya fọ́tò.
Mak Onah kò di tirẹ̀. Ó ní,
"Ẹni tó wá gbẹ̀bí kì í sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń rùn."

Akọ àti abo ń gbé inú òdòdó kan náà,
abo nísàlẹ̀, akọ lókè, kò ju ìka kan lọ láàárín wọn.
Alẹ́ àkọ́kọ́ ni abo ń ṣílẹ̀kùn.
Kí akọ tó jí lálẹ́ kejì, abo ti tìlẹ̀kùn.
Ilé kan, wọn ò fojú kanra rí.

Ìdí nìyí tí a fi dúró de àpótí yìnyín
láti ọgbà orí òkè ní Cibodas:
àtíkè òdòdó mìíràn, ìwọ̀n ṣíbí kan,
tí a pọ́n sínú bébà bí oògùn èèyàn.
Mak Onah fi abẹ gé fèrèsé sára aṣọ pupa náà,
ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgunpá,
pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ fi ń kun àwòrán.
Hiji, dua, tilu. Ó ń kà wọ́n lábẹ́ èémí.

Nínú ọgbà yìí kan náà, láyé àwọn Dọ́ọ̀ṣì,
wọ́n gbin ọ̀pẹ mẹ́rin tí ìran wọn ti Áfíríkà wá.
Mẹ́rin péré. Baba baba Mak Onah bu omi sí wọn rí.
Lónìí ọmọ wọn ti jẹ igbó lọ rẹrẹ ní Sumatra,
igbó tí a ti wú ìyá iṣu yìí.
A kì í sọ ìyẹn létí iṣu.

Nínú àpótí ewé gbígbẹ, wọ́n kọ orúkọ ewé,
orúkọ òkè, orúkọ ọ̀gá tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn.
Ẹni tó gun igi kò sí níbẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje.
Níbi tí ìwé ti béèrè ẹni tó ṣe é
mo kọ: Onah, ọmọ Sarkim.
Ó yọjú wò ó láti èjìká mi, ó ń nu ọwọ́:
"Kọ àsìkò rẹ̀ dáadáa. Orúkọ mi kì í hù."
Mo tún un kọ, mo tẹ bírò mọ́ ọn
títí ó fi hàn lójú ewé tó wà nísàlẹ̀.

Bóyá á so. Bóyá kò ní so.
Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sílé lóru,
obìnrin kan wò mí, ó rọra sún
lọ sídìí fèrèsé.